Akéwì Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀: Ewì Alohùn àti Ìtàn ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí dá lé lórí kò gùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò yá bọ̀rọ̀. Àwọn wo ni akéwì ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láàárín ọdún 1300 sí 1500? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ewì ṣe ní àwùjọ wọn? Ǹjẹ́ ohunkóhun ṣẹ́kù nínú ohun tí wọ́n ké, tí olùkọ́ lè tọ́ka sí níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìṣe àbùmọ́?

Àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yúróòpù a máa pe igba ọdún yìí ní apá ìparí sáà àárín, ìyẹn sáà tí ó wà láàárín ayé àtijọ́ àti ayé òde òní gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ọdún tiwọn. Orúkọ náà kò bá ìtàn tiwa mu régí, nítorí pé kì í ṣe ojú kan náà ni ayé ti yí padà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, igba ọdún náà ṣe pàtàkì púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nínú rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú àwọn ère idẹ tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ayé. Nínú rẹ̀ ni Ọba Ewuare jọba ní Ìbíní, láti nǹkan bí ọdún 1440 títí di nǹkan bí ọdún 1473, tí agbára Ìbíní sì bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìparí rẹ̀ ni àwọn ará Pọtogí dé etí òkun wa. Ní nǹkan bí ọdún 1485 ni João Afonso d'Aveiro wọ ìlú Ìbíní.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà gbogbo ìyípadà wọ̀nyí. Ìlú bíi Ìkọ̀yà, Òde-Ìrèlè, Òde-Ayé àti Òde-Ìdèpé tí a ń pè ní Òkìtìpupa wà láàárín igbó ńlá àti omi ọ̀sà. Ìbíní wà ní ìlà-oòrùn wọn, Ìjẹ̀bú wà ní ìwọ̀-oòrùn, Oǹdó wà ní àríwá, àwọn Ìlàjẹ sì wà ní etí òkun. Ìtàn àbáláyé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí sọ pé ọmọ ọba Ìbíní ni ó tẹ̀ wọ́n dó tàbí pé láti Ìbíní ni ìdílé ọba wọn ti wá. Àwọn ìtàn mìíràn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ènìyàn tí ó bá ń gbé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní ìtàn láti sọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ó bá sì ní ọba kò lè ṣe aláìní ẹni tí yóò máa ki ọba.

AMỌ̀ ṢẸ́KÙ, OHÙN ŃKỌ́?

Àwọn oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní sáà náà ní àǹfààní kan tí àwọn akéwì kò ní. Ohun tí wọ́n ṣe ṣeé fi ọwọ́ kàn. Nígbà tí Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ láàárín ọdún 1969 sí 1971, ó rí àwọn ère amọ̀ tí ó jọ ti Ifẹ̀ ní apá kan, tí ó sì jọ ti Ìbíní ní apá kejì. Ìwádìí tí a ṣe lórí èédú tí a bá níbẹ̀ fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti wá. Ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú, iṣẹ́ Frank Willett ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957 àti ti Peter Garlake ní ilẹ̀ Ọbàlárá ní ọdún 1971 sí 1972 fún wa ní ọdún tí a lè gbára lé. Ní Ìjẹ̀bú, yàrà ńlá tí a ń pè ní Erédò Sùngbọ́ ṣì wà nínú igbó, tí ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, gbọ́ òkìkí yàrà Ìjẹ̀bú, ó sì mẹ́nu kàn án nínú ìwé tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508.

Amọ̀ ṣẹ́kù, idẹ ṣẹ́kù, yàrà ṣẹ́kù. Ohùn kò ní egungun tí awalẹ̀pìtàn lè hú jáde. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń sọ ìtàn sáà náà bí ẹni pé odi ni gbogbo àwọn tí ó gbé nínú rẹ̀: wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n jagun, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn. Èyí kò lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tí a ṣe irú adé tí ó wà lórí àwọn ère Ifẹ̀ fún kò ní jókòó sórí ìtẹ́ láìsí ẹni tí yóò pè é ní orúkọ àwọn baba rẹ̀. Òpìtàn tí ó bá fo akéwì dá, apá kan ìlú ni ó kọ ìtàn rẹ̀.

IṢẸ́ AKÉWÌ NÍWÁJÚ ỌBA

Kò sí àlejò tí ó kọ ohun tí ó gbọ́ ní ààfin Ìkálẹ̀ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ṣùgbọ́n ní ìhà àríwá, ní ilẹ̀ ọba Mali, ẹlẹ́rìí kan wà. Arìnrìn-àjò ará Morocco nì, Ibn Battuta, lọ sí ààfin Mansa Sulayman ní ọdún 1352 sí 1353. Nínú ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ tí a parí kíkọ rẹ̀ ní ọdún 1355, ó ṣàpèjúwe bí àwọn akéwì ti ń jáde síwájú ọba ní ọjọ́ ọdún. Ó ní wọ́n wọ aṣọ tí a fi ìyẹ́ ṣe, tí ó mú kí wọ́n dà bí ẹyẹ, orí igi tí ó ní ẹnu pupa sì wà lórí wọn. Wọ́n dúró níwájú ọba, wọ́n sì ń ké ewì wọn.

Ohun tí wọ́n ń sọ ṣe pàtàkì ju aṣọ wọn lọ. Àwọn tí ó gbọ́ èdè náà ṣàlàyé fún Ibn Battuta pé ìkìlọ̀ ni ewì náà jẹ́. Akéwì ń rán ọba létí àwọn tí wọ́n ti jókòó sórí ìtẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ àti iṣẹ́ rere tí oníkálukú wọn ṣe. Ó wá ń sọ fún un pé kí òun náà ṣe ohun tí a óò máa fi rántí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, olórí àwọn akéwì gun àtẹ̀gùn lọ bá ọba, ó gbé orí lé e ní itan, lẹ́yìn náà ó gbé e lé èjìká rẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún àlejò náà pé àṣà yìí ti wà kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé ilẹ̀ wọn.

Mali kì í ṣe Ìkálẹ̀, ọ̀nà sì jìn láàárín wọn. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó sọ pé ohun tí a ṣe ní ọ̀kan ni a ṣe ní èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ oríkì Yorùbá kò ní ṣàì dá iṣẹ́ náà mọ̀. Àwọn tí kò fi ara balẹ̀ gbọ́ oríkì a máa rò pé ìyìn lásán ni, bóyá ẹ̀tàn tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí orí rẹ̀ ń wú. Ní tòótọ́, ẹni tí ó ń ki ọba ń gbé ẹrù lé e lórí. Ó ń ka àwọn baba ńlá fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ akíkanjú, ohùn rẹ̀ yóò gòkè. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ba ìlú jẹ́, yóò yí ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí olóye lè gbọ́. Ọba tí ó ń gbọ́ mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, òun náà yóò di ẹsẹ kan lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní àwùjọ tí kò ní ìwé, akígbe ọba ni ó jẹ́ olùtọ́jú ìwé-ẹ̀rí ìlú.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó lè fi bí ewì ti ń wọ inú ìtàn hàn. Jacob Egharevba, òpìtàn Ìbíní, kọ ọ́ nínú ìwé tí ó jáde ní àwọn ọdún 1930 pé igba ìlú àti ọ̀kan, 201, ni Ewuare ṣẹ́gun. Òǹkàwé tí kò mọ àṣà wa lè mú ìṣirò náà bí iye tí akọ̀wé kan kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá mọ òkànlénígba. Iye tí a fi ń ka irúnmọlẹ̀ ni, iye tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan pọ̀ títí, ó sì tún kù. Ó jọ pé ẹnu akéwì ni iye náà ti bọ́ sínú ìwé òpìtàn. Èyí kò sọ ìtàn náà di irọ́. Ó ń kọ́ wa pé kí a dá ohùn akéwì mọ̀ níbikíbi tí a bá ti pàdé rẹ̀.

AKÉWÌ TÍ Ẹ̀KA-ÈDÈ RẸ̀ JẸ́RÌÍ SÍ

Àríyànjiyàn kan tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn ènìyàn funfun mọ orúkọ àwọn akéwì wọn, àwa kò sì mọ tiwa. Òótọ́ ni pé a mọ Geoffrey Chaucer, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba ní ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1374, tí ó sì kú ní ọdún 1400. A mọ François Villon ti ilẹ̀ Faransé, tí a bí ní ọdún 1431, tí wọ́n lé kúrò ní Paris ní ọdún 1463, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára jù lọ ní sáà náà, Sir Gawain and the Green Knight, kò ní olúwa. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a fi ọwọ́ kọ ni ó là á já. Inú iyàrá ìwé tí iná jó ní ọdún 1731 ni ó wà, kò sì sí ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí ó gbé e jáde títí di ọdún 1839.

Báwo wá ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ ibi tí akéwì náà ti wá? Èdè rẹ̀ ni ó sọ fún wọn. Kò lo Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù tí Chaucer lò. Ẹ̀ka-èdè ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ àti ìró tí ó jẹ́ ti ibẹ̀ nìkan. Bí a bá rí adàwékọ kan tí ó rò pé èdè ìgbèríko ni, tí ó sì tún un kọ ní èdè Lọ́ńdọ̀nù kí ó lè dùn mọ́ àwọn ọlọ́lá, ìtàn inú ewì náà ìbá ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi mọ ìlú akéwì ìbá ti parẹ́ títí láé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Àwa náà ní akéwì aláìlórúkọ, ẹ̀ka-èdè tí wọ́n fi ké ewì wọn sì ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn adàwékọ tiwa wà láàyè lónìí, inú kíláàsì ni wọ́n sì jókòó sí.

OHUN TÍ Ẹ̀KA-ÈDÈ ÌKÁLẸ̀ FI PAMỌ́

Abíọ́dún Adétùgbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1967 àti nínú orí ìwé tí ó kọ sínú Sources of Yoruba History, èyí tí Sàbúrì Bíòbákú jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1973, fi hàn pé ẹ̀ka-èdè jẹ́ ẹlẹ́rìí ìtàn. Ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí, ó sì kó Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú sí ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1978, Fẹ́mi Akínkùgbé fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé Ìtsẹkírì àti Ígálà láti wá ìró àtijọ́ tí gbogbo wọn jọ ní.

Mẹ́ta péré nínú àwọn àkíyèsí wọ̀nyí tó fún ìjíròrò yìí. Èkínní ni ìró kan tí a máa ń fi gh kọ sílẹ̀, tí èémí máa ń rá kọjá lẹ́yìn ahọ́n bí a bá ń pè é. Ìró náà wà ní Ìkálẹ̀, ní Oǹdó àti ní Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìró àtijọ́ ni, tí àwọn ìhà kan ti sọ nù tí àwọn ìhà kan sì pa mọ́. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ lè fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Èkìtì ti ń pe ilé ní ulé. Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà bẹ́ẹ̀. I ni ó ń lò ní ipò náà.

Ẹ̀kẹta ni ó kan ewì jù lọ. Ní ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan náà ni a ń lò fún ọ̀pọ̀ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Gbólóhùn bíi ‘àn án wá’ lè dúró fún ‘ẹ wá’, ó sì lè dúró fún ‘wọ́n wá’. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ki ọba ní Ìkálẹ̀ ń bá ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ó ń dà á kọ bá jẹ́ ará Ọ̀yọ́, tàbí ọmọ Ìkálẹ̀ tí ilé-ìwé ti mú kí ó máa ronú ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ó lè kọ ‘wọ́n’ síbi tí ó yẹ kí ‘ẹ’ wà. Lójú kan náà, ọba tí akéwì ń kọ ojú sí ti di àwọn aráyìí kan tí a ń ròyìn wọn lẹ́yìn. Òpìtàn tí ó bá ka ìwé náà yóò sọ pé ogun tí ọba ìlú náà jà, àwọn ẹlòmíràn ni ó jà á. Àṣìkọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ti yí ìtàn po.

Kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀ ni ó yan Yorùbá àjùmọ̀lò. Láti ìgbà tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, títí di ìgbà tí Bíbélì Yorùbá parí ní ọdún 1884, orí èdè Ọ̀yọ́ ni a gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpìlẹ̀ àkọtọ́ lé. Ìpinnu náà so wá pọ̀, ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkìtìpupa àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣakí lè ka ìwé kan náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí a tú u ká. Ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe fún ìwé kíkọ ni, kì í ṣe òfin tí ó yẹ kí a fi ṣe ìdájọ́ ewì tí a ti ń ké kí ó tó dé.

BÍ A TI LÈ MỌ OHUN TÍ Ó PẸ́

Bí ewì bá wà lẹ́nu ìran mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, ó dájú pé ohun titun yóò wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó pẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ ewì wò bí ẹni ń yẹ ilé àgbà wò: ìpìlẹ̀ lè jẹ́ ti baba ńlá, kí ògiri jẹ́ ti baba, kí páànù orí rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ.

Oúnjẹ àti ohun èlò ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo, tábà àti ẹ̀gẹ́ kò sí nílẹ̀ wa kí àwọn ará Yúróòpù tó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1492. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Púpurú tí a mọ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ́, ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe é. Bí a bá gbọ́ oríkì tí ó yin baba kan nítorí púpurú ilé rẹ̀, ẹsẹ náà kò lè jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, bí ó ti wù kí olóríkì búra tó. Bákan náà ni ẹsẹ tí ìbọn bá ti ń dún. Iṣu, epo pupa, obì, ẹmu àti ọ̀kọ̀ kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, nítorí ohun àbáláyé ni wọ́n. Iyùn àti sẹ̀gi náà lè pẹ́: awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé a ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ kí àwọn ará Pọtogí tó dé.

Owó ẹyọ ni ó nílò ìṣọ́ra. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn òyìnbó kó wá láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Nítorí náà, bí ẹsẹ kan bá mẹ́nu ba owó ẹyọ, kò tó láti fi sọ pé ó pẹ́ tàbí kò pẹ́.

Ọ̀nà kejì ni àfiwé. Àwọn Ìtsẹkírì ń sọ èdè tí ó sún mọ́ ti Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ gan-an. Ìtàn wọn sọ pé Ginuwa, ọmọ ọba Ìbíní, ni ó dá ìjọba Warri sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí a bá bá ọ̀rọ̀ ìkíni kan náà, tàbí orúkọ àpọ́nlé kan náà, nínú oríkì Ìkálẹ̀ àti ti Ìtsẹkírì, pẹ̀lú ìró tí ó bá ìyípadà èdè méjèèjì mu, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà kí ìpínyà tó dé. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ọ̀kan yá a lọ́wọ́ èkejì nítorí òwò orí omi. Ìró inú ọ̀rọ̀ náà ni yóò ràn wá lọ́wọ́ láti mọ èyí tí ó jẹ́. Bí a bá ti yí ìró náà padà sí Yorùbá àjùmọ̀lò kí a tó fi wéra, ìdájọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

ÌHÀ KEJÌ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Kò yẹ kí a fi àríyànjiyàn àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ pamọ́. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ewì alohùn kì í ṣe ohun tí a jogún ní odindi. Ẹni tí ó ń ké e ní ọjọ́ náà ni ó ń hun ún, ó ń fa ẹsẹ kan yọ níhìn-ín, ó ń fi èkejì kún un lọ́hùn-ún. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù fún ìwádìí, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, fi hàn bí àwọn obìnrin tí ń ki oríkì ti ń so ẹsẹ tí kò bára wọn tan pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àyè bá ti fún wọn. Adébóyè Babalọlá nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá ní ọdún 1966, àti Ọlátúndé Ọlátúnjí nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn ní ọdún 1984, náà tẹnu mọ́ ipa tí òṣèré ń kó. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń wá ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún kiri fún nínú ohun tí a hun lánàá?

Àtakò yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò pa ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí ó hun aṣọ lánàá kò dá òwú. Orúkọ ọba, orúkọ odò, orúkọ ibùdó tí a ti fi sílẹ̀, àpólà ọ̀rọ̀ tí akéwì fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń pè é bí ó ti gbọ́ ọ: ìwọ̀nyí ni òwú. Ibi tí akéwì bá ti ní, ‘Bí a ti ń pè é nìyẹn,’ láìlè ṣàlàyé, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí òpìtàn ti tẹ́ etí. Kò sí ẹni tí í hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé òun fúnra rẹ̀. Ó jogún rẹ̀ ni.

Ìwádìí Barber náà tún ṣí ọ̀nà mìíràn. Ní Òkukù, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń tọ́jú oríkì ìdílé, obìnrin a sì máa fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ ilé ọkọ. Ó gbé oríkì baba rẹ̀ dání, ó sì tún kọ́ ti ọkọ rẹ̀. Bí irú èyí bá ti rí ní Ìkálẹ̀, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ, Ìbíní àti Oǹdó ti ń pàdé lọ́jà àti nínú ìgbéyàwó, a lè rí ìdí tí ẹsẹ kan fi ń rìn láti ìlú dé ìlú. Akéwì tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyàwó ilé.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ OLÙKỌ́

Ní àwọn ọdún 1970, Comfort Ọmọge àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi orin Àsíkò Ìkálẹ̀ sínú àwo. Wọ́n kọ ọ́ ní ohùn ìlú wọn, àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀ sì rà á, wọ́n sì jó sí i. Àwo náà fi hàn pé ẹ̀ka-èdè kò dí ewì lọ́wọ́ láti dé ọ̀nà jíjìn. Bírípo náà wà lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní. Ohun tí ó wà nínú ewu ni èyí tí kò wọ inú àwo: oríkì ìdílé tí ìyá àgbà kan ṣoṣo mọ tán, ìkíni ààfin tí a ń lò nígbà tí a bá ń fi ọba jẹ nìkan, ọ̀rọ̀ ìsìnkú tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi orin ìgbàlódé rọ́pò.

Ọmọ a máa gbé oríkì wá sílé-ìwé. Bí ó bá kọ ọ́ bí ìyá bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́, olùkọ́ kan lè fi yẹ́ǹtì pupa fa ìlà sí gbogbo ibi tí ọmọ náà ti kọ gh, tàbí tí ó ti fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ó sì kọ máàkì díẹ̀ fún un. Olùkọ́ náà kò ní èrò ibi; àkọtọ́ ni ó ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi yẹ́ǹtì pupa pa rẹ́ yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó kù lára akéwì tí ó gbé nígbà ayé Ewuare. Iná ọdún 1731 kò lè jó Gawain tán. Yẹ́ǹtì pupa lè ṣe ju iná lọ, nítorí pé kì í fi eérú sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò gba owó púpọ̀. Kí a gba ohùn ẹni tí ó ń ké ewì sílẹ̀, kí a sì dà á kọ bí ó ti pè é gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí Yorùbá àjùmọ̀lò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìtumọ̀, kì í ṣe bí àtúnṣe. Kí a kọ ìlú, agbo ilé, àti ìgbà tí a máa ń ké irú ewì bẹ́ẹ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni náà ibi tí òun ti kọ́ ọ, bóyá nílé baba ni tàbí nílé ọkọ. Kí a fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè túmọ̀, kí a má sì ṣe bá a wá ìtumọ̀ àdábọwọ́. Nígbà tí a bá ti ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti Ìkọ̀yà, Òde-Ìrèlè, Òkìtìpupa àti àwọn ìlú yòókù, àfiwé tó lè mú ìdájọ́ wá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeé ṣe.

Ó ṣeé ṣe kí a má mọ orúkọ akéwì náà láé. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò mọ ti wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́ láti fi ewì rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn arúgbó kan ní agbo ilé tí ó wà nítòsí ilé-ìwé wa. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì, ẹni tí yóò sì pinnu bóyá yóò wọ ìwé bí ó ti rí ni olùkọ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀.